Mark Goodson: Ọkùnrin tó ń jí ètò ìdíje tó ti kú dìde lórí tẹlifíṣàn

Nígbà tí ètò Family Feud Nigeria bẹ̀rẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí lọ́dún 2022, tí gbajúgbajà òṣèrébìnrin nì, Bisola Aiyeola, sì di atọ́kùn rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló fẹ́ràn láti máa wo bí ẹbí méjì ṣe ń kojú ara wọn. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á máa gbìyànjú láti mọ ohun tí ọgọ́rùn-ún èèyàn sọ nígbà tí wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Àmọ́ nínú àwọn tó ń fi ètò náà ṣe fàájì, ìwọ̀nba ló mọ̀ pé ọdún 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde nílẹ̀ Amẹ́ríkà, pé ó ti kú, tó sì ti jí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré, àti pé ọkùnrin tó ni ín ti jáde láyé láti ọdún 1992. Mark Goodson lorúkọ rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ la fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá jù lọ, àwọn ìpinnu tó máa ń ṣe ní kọ̀rọ̀ yàrá nígbàkígbà tó bá fẹ́ jí ètò àtijọ́ kan dìde, àti ohun tí ìpinnu bẹ́ẹ̀ máa ń ná àwọn kan.

Ìlú Sacramento, ní ìpínlẹ̀ California, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 14, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1915. Ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni àwọn òbí rẹ̀ ti ṣí wá sí Amẹ́ríkà. Láti kékeré ló ti ń bá wọn ṣe eré orí ìtàgé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ agbẹjọ́rò ló ní lọ́kàn láti ṣe. Nígbà tó wọ Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ àti owó tó ń rí níbi tó ti ń bá wọn ta ẹja ló fi rán ara rẹ̀ níwèé. Ọdún 1937 ló gboyè jáde nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, èsì rẹ̀ sì dára gan-an. Kò lọ kọ́ṣẹ́ òfin mọ́. Iléeṣẹ́ rédíò kan ní San Francisco ló gbà á síṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa gbé àwo orin sáfẹ́fẹ́.

Lọ́dún 1939, ó ti kúrò níbẹ̀ lọ sí iléeṣẹ́ rédíò mìíràn nílùú náà, níbi tó ti dá ètò ìdíje tirẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó ń ṣe nínú ètò náà ni pé olùdíje yóò ju ọfà kékeré lu bàlúùnù aláwọ̀ oríṣiríṣi, bàlúùnù tó bá sì bẹ́ ni yóò fi mọ ìbéèrè tó kàn án. Ẹ rántí o, rédíò lèyí, ẹnikẹ́ni kò rí àwọ̀ kankan nílé. Ẹni tó bá ronú láti gbé bàlúùnù aláwọ̀ wá sórí rédíò, a jẹ́ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ pé bí eré bá ṣe dùn sí ló ń mú èèyàn jókòó tì í, kì í ṣe ìmọ̀ inú ìwé.

Ó kó lọ sí New York lọ́dún 1941, ibẹ̀ ló sì ti pàdé Bill Todman, tí àwọn méjèèjì jọ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀. Goodson ni olóye tó ń ronú eré, Todman ni oníṣòwò tó ń tà á. Lọ́dún 1946, wọ́n gbé Winner Take All jáde lórí rédíò CBS. Nínú ọ̀pọ̀ ètò ìgbà náà, olùdíje kan ṣoṣo ló máa ń dojú kọ ìbéèrè, bí ó bá ṣe tán, ẹlòmíràn á bọ́ síwájú. Àwọn méjì yìí mú olùdíje méjì kojú ara wọn, wọ́n fún oníkálukú ní ohun tí yóò tẹ̀ láti fi hàn pé òun mọ ìdáhùn, ẹni tó bá sì borí yóò padà wá láti kojú ẹlòmíràn. Kò pẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bill Cullen fi di atọ́kùn ètò náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ Cullen sọ́kàn, a ó padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí tẹlifíṣàn dé, ọwọ́ wọn mókè. What's My Line? bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1950, níbi tí àwọn gbajúmọ̀ mẹ́rin ti máa ń fi ìbéèrè wá iṣẹ́ tí àlejò kan ń ṣe. I've Got a Secret tẹ̀ lé e lọ́dún 1952. Ọdún 1956 ni To Tell the Truth dé, tí èèyàn mẹ́ta á máa pe ara wọn ní ẹnì kan náà, tí àwọn gbajúmọ̀ á sì máa wá èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn. Ọdún yẹn kan náà ni The Price Is Right bẹ̀rẹ̀ lórí NBC, Bill Cullen sì ni atọ́kùn rẹ̀. Password dé lọ́dún 1961, Match Game lọ́dún 1962. Kì í ṣe orí Goodson nìkan ni gbogbo èyí ti jáde. Bob Stewart, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ló ronú kan The Price Is Right, To Tell the Truth àti Password. Ohun tí Goodson mọ̀ ọ́n ṣe ni pé kò ní jẹ́ kí ètò kankan jáde láìjẹ́ pé wọ́n ti dán an wò léraléra nínú ọ́fíìsì. Àwọn òṣìṣẹ́ á dìbọ́n bí olùdíje, òun á jókòó, á máa wò wọ́n, ibi tí ara rẹ̀ bá ti sú níbẹ̀, wọ́n á gé e kúrò.

Ohun méjì ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn tí kò yẹ kí á fò. Èkínní ni pé ìgbà náà ni wọ́n ń dọdẹ àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n jẹ́ kọ́múníìsì kiri ní Amẹ́ríkà. Akéwì kan, Louis Untermeyer, wà lára àwọn gbajúmọ̀ inú What's My Line?, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kò yẹ kó wà níbẹ̀. Lọ́dún 1951, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Nígbà tó di ọdún 1991, Goodson fúnra rẹ̀ kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn New York Times lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé ìgbà náà àti bí òun kò ṣe tètè dìde. Ogójì ọdún ló fi wà láàárín ìṣẹ̀lẹ̀ náà àti àpilẹ̀kọ yẹn, Untermeyer sì ti kú.

Èkejì ni pé láyé ìgbà náà, àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kì í tọ́jú ètò wọn. Fíìmù tí wọ́n fi ká a sílẹ̀ ni wọ́n máa ń bà jẹ́ láti yọ fàdákà tó wà lára rẹ̀. Lọ́dún 1952, Goodson àti Todman sọ fún CBS pé àwọn yóò máa san owó kí wọ́n lè máa tọ́jú fíìmù What's My Line? lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lójú ẹlòmíràn, ìnákúnàá ni. Ta ló fẹ́ tún wo ìdíje tí gbogbo ayé ti mọ ẹni tó borí nínú rẹ̀? Àmọ́ owó yẹn ni kò jẹ́ kí ètò náà pa rẹ́.

Lọ́dún 1958, ọ̀ràn ńlá bẹ́ sílẹ̀. Àṣírí tú pé àwọn ètò ìdíje olówó gọbọi bíi Twenty-One ti máa ń fún olùdíje tí wọ́n bá fẹ́ ní ìdáhùn ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ètò ló wó lulẹ̀, àmọ́ ti Goodson àti Todman dúró. Kì í ṣe torí pé wọ́n jẹ́ áńgẹ́lì. Ẹ̀bùn tí wọ́n ń fúnni nínú púpọ̀ lára ètò wọn kéré débi pé kò sí ohun tí ẹnì kan fẹ́ torí rẹ̀ ṣe màgòmágó. Ẹ̀rín ni wọ́n ń tà, wọn kò ta owó.

Síbẹ̀, ohun gbogbo ló ní àkókò. The Price Is Right kógbá sílé lọ́dún 1965, Password àti What's My Line? lọ́dún 1967, Match Game lọ́dún 1969. Bí ẹlòmíràn ni, á gbà pé iṣẹ́ ti parí. Goodson kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó rí i pé àwọn iléeṣẹ́ ńlá bíi CBS àti NBC nìkan kọ́ ni oníbàárà. Lọ́dún 1968, What's My Line? padà wá, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń tà á lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni kiri ọjà láti ojúlé dé ojúlé. To Tell the Truth tẹ̀ lé e lọ́dún 1969. Nígbà tó di ọdún 1971, òfin tuntun tí àjọ FCC ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì dín àkókò tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá lè lò lálaalẹ́ kù. Àyè ṣí sílẹ̀ ní gbogbo ìlú, àwọn tó ni iléeṣẹ́ kéékèèké sì ń wá ètò tí kò wọ́n tí wọn yóò fi dí i. Ètò ìdíje ló rọjú jù lọ láti ṣe. Ọdún yẹn náà ni Password padà sórí ABC.

Èyí tó wá mú orúkọ Goodson dúró títí dòní ni ti ọdún 1972. Fún bí ọdún mélòó kan, CBS kò fi bẹ́ẹ̀ ka ètò ìdíje sí mọ́, àwọn eré apanilẹ́rìn-ín àtijọ́ ni wọ́n ń tún gbé sáfẹ́fẹ́ láàárọ̀. Bud Grant, ẹni tó ń ṣàkóso ètò ọ̀sán wọn nígbà náà, ló pinnu pé kí ìdíje padà. Ètò mẹ́ta ni wọ́n gbé jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìyẹn ọjọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1972. Ọ̀kan nínú wọn ni The New Price Is Right.

Ìbéèrè tó wà níwájú Goodson ni èyí: kí ni kí wọ́n mú, kí sì ni kí wọ́n fi sílẹ̀? Nínú ti àtijọ́, olùdíje mẹ́rin ló máa ń jókòó sójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n á máa dárúkọ iye owó lórí ọjà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó ti dùn lọ́dún 1956, ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Ètò Let's Make a Deal tí Monty Hall ń ṣe ti kọ́ àwọn òǹwòran láti máa retí ariwo, kí èèyàn máa fò sókè, kí ìyàlẹ́nu máa wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Goodson àti àwọn èèyàn rẹ̀ wá tú ètò náà palẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀, pé èló ni wọ́n ń ta nǹkan yìí, ni wọn kò fọwọ́ kàn. Ohun tó kù, wọ́n yí i padà. Àárín èrò ìwòran ni wọ́n ti ń pe olùdíje lórúkọ, tí Johnny Olson, akéde ètò náà, á ké sí onítọ̀hún kó sáré wá síwájú. Ẹni tó bá sún mọ́ iye owó jù lọ láìkọjá rẹ̀ ni yóò gun orí pèpéle láti ṣe eré kékeré kan. Márùn-ún ni irú eré kékeré bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń fi tuntun kún un títí tí wọ́n fi di ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Kì í ṣe orí ìṣe-kòńgẹ́ ni wọ́n fi ń mú àwọn tí wọ́n ń pè lórúkọ náà. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn olóòtú á ti bá èrò tó tò síta sọ̀rọ̀, wọ́n á wo ẹni tí ara rẹ̀ yá, tí ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, orúkọ irú wọn ni wọ́n á kọ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè kò ní mọ̀ títí yóò fi gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ayọ̀ tí wọ́n ń yọ̀ kì í fi í jọ àṣehàn. (Tiwa ì bá ṣòro díẹ̀ lórí eré yìí. Lọ́jà tiwa, iye tí nǹkan jẹ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ná.)

Ọ̀rọ̀ atọ́kùn ló le jù. Bill Cullen ti wà pẹ̀lú Goodson láti ayé rédíò, òun ló ṣe The Price Is Right fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko, ojú rẹ̀ ni àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ ètò náà. Ṣùgbọ́n àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti mú un nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì ń tiro. Nínú ètò ti àtijọ́, ó máa ń jókòó ni, ọ̀pọ̀ òǹwòran kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ètò tuntun yìí wá gba kí atọ́kùn máa rìn láti ìhín dé ọ̀hún, kí olùdíje máa dì mọ́ ọn, kó máa yí ẹ̀rọ eré kan lẹ́yìn òmíràn po. Wọn kò fún Cullen. Lójú tèmi, ìpinnu yìí ló fi bí iṣẹ́ náà ṣe rí hàn jù lọ: bí wọ́n ṣe tún ètò náà ṣe kó lè yè ló sé ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ti gbé e débi tó dé. Goodson kò já a jù sílẹ̀, ó ṣì fún un níṣẹ́ nínú oríṣiríṣi ètò títí di àwọn ọdún 1980. Àmọ́ ètò tí ayé fi mọ̀ ọ́n kò padà sọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ títí tó fi kú lọ́dún 1990.

Dennis James ni Goodson fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Bud Grant ní tirẹ̀ ń fẹ́ Bob Barker, tó ti pẹ́ lórí Truth or Consequences. Bí wọ́n ṣe yanjú rẹ̀ rí bí ìgbà tí àwọn àgbà bá parí ìjà ogún: Barker gba ti ojoojúmọ́ lórí CBS, James gba ti ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń tà fún iléeṣẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 1977, Barker gba ti James náà mọ́ tirẹ̀. Ibi tí ọ̀gá ti gbà fún oníbàárà rẹ̀ yìí ló pa á lérè jù, nítorí ọdún 35 ni Barker lò nídìí iṣẹ́ náà, kó tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 2007. Lọ́dún 1975, wọ́n gbìyànjú láti sọ ètò náà di wákàtí kan fún ọ̀sẹ̀ kan péré, kẹ̀kẹ́ ńlá tí olùdíje ń fi ọwọ́ yí sì tibẹ̀ wọlé. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó di wákàtí kan pátápátá.

Match Game padà lọ́dún 1973, ọ̀nà tí wọ́n gbà tún òun ṣe sì yàtọ̀. Láyé àkọ́kọ́, ètò jẹ́jẹ́ ni. Dick DeBartolo, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ ìbéèrè, ló ti kọ́kọ́ gba ètò náà lọ́wọ́ ikú nígbà tí NBC ti pinnu láti pa á tì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbéèrè tó ń pani lẹ́rìn-ín. Nígbà tí Goodson jí i dìde, ìyẹn ló fi ṣe gbòǹgbò. Ó fi gbajúmọ̀ mẹ́fà sórí pèpéle, ó fi Gene Rayburn, atọ́kùn àtijọ́, sípò rẹ̀, ó sì gba kí ìbéèrè máa ní ìtumọ̀ méjì, ọ̀kan tó mọ́ àti ọ̀kan tí èèyàn kò ní fẹ́ sọ níwájú àna rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi gba iwájú láàárín gbogbo ètò ọ̀sán. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí Richard Dawson, inú rẹ̀ náà sì ni èrò pé kí wọ́n máa béèrè ìdáhùn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ṣáájú ti wá. Àwọn méjèèjì ló bí Family Feud, tó bẹ̀rẹ̀ lórí ABC lóṣù Keje, ọdún 1976.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló bọ́ sí i. Ní ìparí ọdún 1974, wọ́n yọ àwọn aráàlú kúrò nínú Password, wọ́n fi gbajúmọ̀ nìkan sí i. Àwọn òǹwòran kò gbádùn rẹ̀, wọ́n dá aráàlú padà, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́, ètò náà kógbá sílé lọ́dún 1975. Lọ́dún 1983, wọ́n so Match Game pọ̀ mọ́ Hollywood Squares di ètò wákàtí kan. Kò pé ọdún kan tó fi kú.

Todman kú lọ́dún 1979. Goodson ra ìpín àwọn ẹbí rẹ̀, iléeṣẹ́ náà sì di tirẹ̀ nìkan. Nígbà tó jí Family Feud dìde lọ́dún 1988, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tó ti kú, kò pe Dawson padà. Ọ̀dọ́ aláwàdà kan, Ray Combs, ló fi síbẹ̀. Lọ́dún 1990, ó tún gbé Match Game dìde. Rayburn ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà, wọn kò fún un. Bert Convy ni wọ́n mú, àìsàn ọpọlọ kọlù ú kó tó bẹ̀rẹ̀, Ross Shafer ló bọ́ síbẹ̀, ọdún kan péré sì ni ètò náà lò. To Tell the Truth tó padà lọ́dún yẹn kan náà pààrọ̀ atọ́kùn títí tó fi kan Alex Trebek. Nígbà tí ìyàwó Trebek ń rọbí lọ́dún 1991, kò sí ẹni tí yóò dúró fún un. Goodson, ẹni ọdún 76, ló bọ́ síwájú kámẹ́rà, tó sì ṣe atọ́kùn fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àrùn jẹjẹrẹ ló pa á ní New York, lọ́jọ́ 18, oṣù Kejìlá, ọdún 1992, nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 77. Ìyàwó mẹ́ta ló fẹ́ láyé rẹ̀, ó sì bí ọmọ mẹ́ta.

Lọ́dún 1994, Family Feud ń sọ òǹwòran nù, àwọn tó jogún iléeṣẹ́ náà sì ṣe ohun tí Goodson kò ṣe lọ́dún 1988: wọ́n yọ Combs, wọ́n dá Dawson padà. Àwọn èèyàn rò pé ojú àtijọ́ ni yóò gba ètò náà là. Kò ju ọdún kan lọ tó fi tún kógbá sílé. Combs kú lọ́dún 1996, ẹni ogójì ọdún péré. Iléeṣẹ́ Goodson ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó sì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí tó fi di ti Fremantle. Àwọn ni wọ́n tún jí Family Feud lọ́dún 1999, tí wọ́n pààrọ̀ atọ́kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó kan Steve Harvey lọ́dún 2010. Harvey yìí ló gba ẹ̀tọ́ láti gbé e wá sí Áfíríkà. Fíìmù What's My Line? tí wọ́n san owó rẹ̀ láti ọdún 1952 náà kò ṣègbé. Lẹ́yìn ikú ọ̀gá náà, iléeṣẹ́ Game Show Network bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sáfẹ́fẹ́ lóru.